Ẹni Tí Kò Jìn sí Kòtò

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. A ti gbọ́ ọ láti kékeré, a sì gbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún wa ni ohun tí ẹni tí kò jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù. Ẹni tó gba etí kòtò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tó bojú wẹ̀yìn, tó ní "Máa bọ̀, ọ̀nà wà", kí ni ká pe ohun tó ṣe yẹn?

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Àwa la tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá, láti inú igbó orí òkè kan lókè ìlú Nederland, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Òótọ́ sì ni. Ọ̀nà wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á kọjá ni. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, a ṣì ń bá ara wa jiyàn bóyá irọ́ la pa.

Àwa mẹ́ta ni. Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, iṣẹ́ àwọn tó ń kọ sọfitiwia, Denver la sì fi ṣe ibùgbé. Àwa mẹ́ta la jọ dáwó ra Toyota 4Runner kan tó ti rìn jìnnà kó tó bá wa, nítorí kò sí ẹni tó lè dá a rà nínú wa nígbà náà. Ẹ má bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ojú gíláàsì là ń wò. A kàn fẹ́ ohun kan tó lè dọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ kan rèé ká tó lọ jìnnà. Ìwé a máa pè é ní òjò dídì, ẹlòmíì a pè é ní yìnyín, àmọ́ yìnyín tí a mọ̀ nílé, òkúta tó ń bọ́ lu páànù ni, tí ọmọdé ń ṣà sẹ́nu. Sínóò là ń pè é láàárín ara wa, òun náà la ó máa pè é níbí. Ká wá fi yìnyín sílẹ̀ fún èyí tó ti dì gbagidi.

Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ti dánfó nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ rí ti mọ ìdajì ohun tí sínóò fẹ́ kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: awakọ̀ á máa fúnná, ẹ́ńjìnì á máa ké, táyà á máa yí lójú kan, ẹrẹ̀ á máa fọ́n sára àwọn tó ń tì í, ọkọ̀ á sì máa rì sí i. Agbára kọ́ ló sọnù níbẹ̀. Agbára pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ ni. Ọkọ̀ wa wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù méjì, síbẹ̀ ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Lórí títì gbígbẹ, rọ́bà á di ilẹ̀ mú bí ọmọ ṣe ń di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú. Lórí sínóò tí ọkọ̀ ti tẹ̀ pọ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdìmú yẹn ló máa ń kù. Lórí yìnyín, ẹ má tiẹ̀ kà á. Bí táyà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, ooru rẹ̀ á yọ́ sínóò abẹ́ rẹ̀, omi náà á dì padà, táyà á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ilẹ̀ tí yóò gbé e ṣubú.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Nílé, bí o bá dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ohun tí wàá sọ fún un ni pé kó jẹ́ kí táyà le dáadáa. Níbí, kí a tó wọ inú sínóò tó jìn, a ó bọ́ sílẹ̀ nínú òtútù, a ó kúnlẹ̀ ti táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti 35 sí 18 lórí géèjì. Táyà á rọ̀, á tẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ á gùn, ẹrù kan náà á wá tàn ká ilẹ̀ tó pọ̀ sí i. Àwọn ará Iceland tó ń wakọ̀ lórí àwọn òkè yìnyín tiwọn a máa lo táyà tó ga tó íǹṣì 38 sí 44, wọ́n á sì tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ sí 5, nígbà mìíràn kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí fọkanáísà wa bá rí i, á ní pọ́ńṣà ni.

Táyà tó rorò lójú jù, eléyìí tí eyín rẹ̀ tóbi bíi ti ọ̀nì, ẹrẹ̀ ló mọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ sínóò. Táyà sínóò gidi ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín kiri ara, bí ẹni tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún. Sínóò á wọ inú gbẹ́rẹ́ náà, á há síbẹ̀, sínóò inú táyà á wá di sínóò ilẹ̀ mú. Wọ́n mọ ara wọn mú ju bí rọ́bà ṣe lè mọ̀ wọ́n mú lọ. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀. Nínú ọkọ̀ lásán, bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ń pín agbára fún táyà méjì ń pín in dọ́gba. Ó dùn gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n bí táyà kan bá wà lórí yìnyín, ìba díẹ̀ tí ìyẹn lè gbà náà ni èkejì yóò rí gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ líle ló dúró sí. Bọ́tìnnì kan wà nínú ọkọ̀ tiwa tó ń so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí ẹni tó dúró dáadáa fi lè gbé ẹni tó ń yọ̀ jáde. Bọ́tìnnì yẹn ti gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú lọ́pọ̀ ìgbà.

Gbogbo èyí la mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìmọ̀ wa pọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àbúrò wa kan wà. Kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la ti jáde nílé, òun ló kẹ́yìn, ìyẹn sì ti tó láti sọ ọ́ di àbúrò níbi tí a wà yìí. Oṣù kẹjọ ló dé, ó wá kàwé gboyè kejì. Sínóò àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ra ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí táyà iwájú nìkan, táyà ọ̀hún sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní ó wà fún gbogbo ìgbà. Àdéhùn wa ni pé kó wá bá wa ní Nederland, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, kó wọ tiwa. Ó pẹ́. A dúró, ara ń yún wa, a ní ká lọ dán ọ̀nà wò ná. Nígbà tó fi dé, tó ní ibo la wà, a ti wọ inú igbó tó máìlì méjì. Ká padà lọ gbé e kò lè ju ogún ìṣẹ́jú lọ. A wo ojú ara wa. Ọ̀kan nínú wa tẹ̀ ẹ́: "Máa bọ̀, ọ̀nà wà." Àwa méjì yòókù kà á kó tó fi ránṣẹ́, a ò sọ nǹkan kan.

Ó bọ̀.

Ohun tí a ò rò nìyí. Lẹ́nu ọ̀nà, sínóò kò jìn, àmọ́ bí òkè ṣe ń ga ló ń jìn sí i, títí ó fi tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Abẹ́ ọkọ̀ wa ga tó íǹṣì mẹ́sàn-án ó lé; tirẹ̀ kò ju bíi mẹ́fà lọ. Nígbà tí a kọjá, táyà wa tẹ ipa méjì sílẹ̀, ó tẹ́jú, ó mọ́, ẹni tó bá rí i á ní títì ni. Láàárín ipa méjèèjì, sínóò tí abẹ́ ọkọ̀ wa fá lórí ló kù, ó ga bí ebè. Àbúrò wa kó sínú ipa yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Ó lọ fún bíi máìlì kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, títí ikùn ọkọ̀ fi gun orí ebè náà tí ìwúwo ọkọ̀ kúrò lórí táyà. Táyà tí kò gbé ẹrù kì í di nǹkan kan mú. Ká ní a ò gba ibẹ̀ kọjá ni, sínóò funfun tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ni ì bá bá lẹ́nu ọ̀nà, ì bá sì yí padà. Ipa wa ló pè é wọlé. Ipa wa náà ló gbé e lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ó gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn rìn. Ó fúnná sí i, ọkọ̀ já bọ́ lórí ebè, ó yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ inú òkìtì sínóò etí ọ̀nà. Fóònù ò gbé níbẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun á padà wá. Ó ti wíńdò, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ nítorí ooru, ó jókòó.

Àwa ńkọ́? A ti dé orí pápá kan tó tẹ́jú, a ń se kọfí, a ń ya fọ́tò. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ọ̀kan nínú wa tó ní, "Ẹ jẹ́ ká padà o."

Ó gbé orí lé sitiárìn nígbà tí a dé ibẹ̀. A gbá gíláàsì, ó gbé orí sókè jẹ́jẹ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fi yín sójú ọ̀nà. Oorun kàn ń kùn mí ni, orí sì ń fọ́ mi díẹ̀." Òun ló ń bẹ̀ wá o. Ìgbà náà la wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Sálẹ́ńsà ti wọ inú sínóò pátápátá, kò sí ibi tí èéfín lè gbà ju abẹ́ ọkọ̀ lọ, láti abẹ́ ọkọ̀ bọ́ sínú rẹ̀.

Kò yẹ ká máa ṣàlàyé èyí fún ẹni tó bá dàgbà nílé wa. Àwọn ìdílé tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ nítorí olè, tí ilẹ̀ ò mọ́ bá wọn, ta ni kò tíì gbọ́ irú rẹ̀? Carbon monoxide ni. Kò ní àwọ̀, kò lóòórùn, orí fífọ́ àti oorun ló fi ń kí èèyàn. Àwa mẹ́ta mọ̀ ọ́n láti ilé, àbúrò wa náà mọ̀ ọ́n. Kò kàn sí ẹni tó rò ó rí pé sínóò lè sọ ọkọ̀ di jẹnẹrétọ̀ inú kọ́rídọ̀. A pa ẹ́ńjìnì, a gbé e bọ́ sínú atẹ́gùn, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú fún wákàtí díẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó ní kó máa lọ ilé.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ní òun ò jẹ̀bi. Àgbàlagbà ni àbúrò wa, ó ní ojú, ó mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ga tó. Ó fa òfin Colorado yọ fún wa. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, lórí títì I-70 láti Morrison dé Dotsero, ìlà ojú táyà gbọ́dọ̀ jìn tó ìdá 3 nínú 16 íǹṣì kan. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀ á san owó ìtanràn tó lé ní dọ́là 130; bó bá wá há, tó sì dí títì, ó di dọ́là 650 ó lé. Lóòótọ́, ọ̀nà inú igbó kì í ṣe I-70, àmọ́ ẹ wo bí òfin náà ṣe rò ó. Ẹni tó há ló ń sanwó. Kò sí adájọ́ tó ń béèrè ta ló ní kó máa bọ̀.

Ó bọ́gbọ́n mu. Bí ẹrù ẹni gbogbo bá di ti ẹni iwájú, kò ní sí ẹni tó máa la ọ̀nà mọ́. Ohun tí a kàn fi dá a lóhùn ni ohun tí a jọ ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí oníbàárà bá figbe ta pé ohun tí a kọ kò ṣiṣẹ́, àwíjàre kan wà tí gbogbo wa mọ̀: "Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń ṣiṣẹ́." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ta ló ń béèrè kọ̀ǹpútà tìẹ? Nígbà tí àbúrò wa ní ibo la wà, kò béèrè bóyá ọ̀nà wà fún táyà mẹ́rin tó ní gbẹ́rẹ́ lára, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní 18, tí abẹ́ rẹ̀ ga ní íǹṣì mẹ́sàn-án. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń béèrè. Tiwa la fi dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan kọ́ sì nìyí, ká má tan ara wa. Mélòó nínú wa ló ti tẹ irú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn sí ẹni tó ń béèrè láti ilé nípa físà àti owó ilé ìwé? A kì í sọ iye tí bàbá wa tà kí a tó dé, tàbí ẹni tó fún wa níbi tí a sùn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó dà bí ẹni pé ìtìjú ni kí èèyàn dárúkọ ohun tó di ilẹ̀ mú fún un.

Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ náà wá bi wá pé, kí ni ká sọ nígbà náà? "Má wá"? Ìtàn kan wà tó fi pa wá lẹ́nu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Edmund Hillary, ẹni tó gun òkè Everest, wà ní Antarctica ní ọdún 1957 pẹ̀lú katakata Ferguson mélòó kan, katakata oko lásán tí wọ́n wé bẹ́líìtì mọ́ táyà wọn bíi ti ọkọ̀ ogun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó to epo àti oúnjẹ sójú ọ̀nà de Vivian Fuchs, tó ń bọ̀ láti òdìkejì ilẹ̀ yìnyín náà pẹ̀lú ọkọ̀ Sno-Cat. Hillary tò ó tán, ó tún wakọ̀ lọ títí ó fi dé South Pole lọ́jọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1958, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Fuchs tó dé ibẹ̀. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí ọ̀nà. Ó ránṣẹ́ sí Fuchs pé ìgbà ti lọ, kó dúró ní South Pole, kó parí ìrìn àjò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Fuchs kọ̀ jálẹ̀. Ó dé Scott Base lọ́jọ́ 2 oṣù kẹta, ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn tó gbéra.

"Ẹ rí i?" ni ọ̀rẹ́ wa wí. "Ẹni iwájú ní má bọ̀, ẹni ẹ̀yìn bọ̀, ó sì dé." A rò ó títí. Òótọ́ ni pé "má wá" náà lè jẹ́ ìwọ̀n ọkọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Katakata oko kì í ṣe Sno-Cat. Àmọ́ ọ̀rẹ́ wa fo apá kan nínú ìtàn náà. Láti South Pole dé Scott Base, epo àti oúnjẹ tí Hillary tò sílẹ̀ wà lójú ọ̀nà de Fuchs. Ẹnu nìkan kọ́ ni Hillary fi ṣe ẹni iwájú. Ó ti fi nǹkan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ẹni ẹ̀yìn lè mú bó bá gba ìmọ̀ràn, tó sì lè mú bí kò bá gbà. Kí làwa fi sílẹ̀? Ipa táyà. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n bi wá léèrè, a ò fẹ́ yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn la fi bo ìmẹ́lẹ́ wa mọ́lẹ̀. Lójú tiwa, ìyẹn gan-an ni ibi tí irọ́ wà, bí irọ́ bá wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kò gbà títí di òní. Ó ní ìmẹ́lẹ́ kì í ṣe irọ́.

Àbúrò wa kì í dá sí i. Ó ti ra táyà sínóò sí ọkọ̀ rẹ̀. Nínú oṣù kejìlá tó kọjá, ó tẹ̀lé wa lọ sí ọ̀nà kan náà, inú ọkọ̀ wa ló jókòó sí, òun ló tiẹ̀ wa ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀. Nígbà tí a jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó dá ọkọ̀ dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn, ó mú ṣọ́bìrì. A rò pé táyà ló fẹ́ wò. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu sínóò sórí ipa táyà wa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń tẹ́ ẹ dọ́gba, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò gba ibẹ̀ rí. Kò sọ nǹkan kan fún wa. A jókòó, à ń wò ó láti inú gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ṣọ́bìrì kan ṣoṣo la ní, ọwọ́ ló fi ń kó tiẹ̀.